Bíà tí Kò Sí Nínú Ọbẹ̀ Bọ̀dá Abíọ́nà

Mo fi orí ìyá mi búra pé òótọ́ ni ìtàn yìí. Tí mo bá purọ́, kí ẹ̀kọ má wọ ọ̀fun mi mọ́.

Ẹ dúró ná. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òótọ́. Ibì kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe kó lè dùn ún kà. Bí mo bá parí, màá tọ́ka sí i fún yín. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Àtàndá lorúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Èmi àti ilé ìwé ti kọ ara wa sílẹ̀ láti Iléṣà, kò sì sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Àǹtí Oyíndà, àbúrò ìyá mi, ló ní kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí òun ní Johannesburg kí n má baà bàjẹ́ sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ibí ni mo wá bàjẹ́ sí.

Ẹ̀fẹ̀ ni ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Mo ti jókòó sẹ́yìn tákísì rí, tí mo fi ohùn ìyá arúgbó pe “after robot”, kí awakọ̀ lè dúró lẹ́yìn iná ojú pópó. Gbogbo èrò yíjú sí ìyá kan tó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó sọ̀ kalẹ̀, kó má fi àkókò àwọn ṣòfò. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀. Kò mọ ibi tó wà.

Mo ti sọ fún oníwàásù kan, bó ṣe ń gun pèpéle lọ, pé ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ ti ya. Kò ya. Ó wàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkẹ̀yìn sí wa lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn sọ̀ kalẹ̀ bí akàn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ohun tí ilé ìwé kò kọ́ mi: ohun tí kò sí lágbára ju ohun tó wà lọ.

Ilé ọtí kan ní Newtown ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ni ín ṣe é bí irú èyí tó wà ní ìlú Belgium, ẹ lè jẹun níbẹ̀, ẹ lè mu, ẹ lè gbọ́ orin. Ife ni mò ń fọ̀. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Bíà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ife tirẹ̀. Òmíràn rí bí ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù, òmíràn ga gbọọrọ, òmíràn yọ ikùn bí aboyún. Ẹni tó bá da bíà kan sínú ife bíà mìíràn, bí ẹni pé ó di ìyàwó oníyàwó lọ́wọ́ mú lójú ọjà ni.

Oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn ni ọbẹ̀ ẹran màlúù kan. Bíà dúdú ni wọ́n fi ń sè é, wọn kì í fi omi sí i. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa hó díẹ̀díẹ̀, títí ẹran á fi máa já láìsí eyín. Pòtétò díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn akọrin mẹ́ta kan máa ń kọrin lórí pèpéle, ọkùnrin kan sì ń fọn sasofóònù.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Bọ̀dá Abíọ́nà jáde.

Ọkọ àǹtí mi ni wọ́n. Ẹnjiníà ni wọ́n, wọ́n lè gbé ibi tó dára ju Berea lọ, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn ń lò wà ní Berea, wọ́n sì fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Lójoojúmọ́, níbi àdúrà àárọ̀, wọ́n á ní kí n dìde kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá lánàá. Nígbà tí tèmi bá tán, mo máa ń yá ti àwọn ará ilé kejì.

Lọ́dún 2014, ìjọ wọn fẹ́ fi wọ́n joyè díákónì. Ìjọ náà ní àṣà kan. Kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí, Alàgbà Akínwálé, olórí ìjọ, á bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá ọtí ti kan ọ̀fun rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í bọmi. Bí ó bá ní kò kàn án, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e. Bí ó bá ní ó kàn án, kó padà sórí ìjókòó ẹ̀yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìjọ.

Ọdún gbọọrọ ni Bọ̀dá fi dúró de ìbéèrè yẹn. Bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ṣe olùkọ́ ìjọ títí ojú fi di bàìbàì, wà lórí àìsàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kó gbọ́ lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ òun joyè kó tó lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ìjoyè. Bọ̀dá wá sọ pé kí àwọn mú Alàgbà lọ jẹun ní Sátidé, níbi tí orin wà. Ibi iṣẹ́ mi ni wọ́n yàn. Àǹtí Oyíndà fara mọ́ ọn torí pé èmi wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ kí Bọ̀dá má baà gbọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé bíà wà nínú ẹran yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé Bọ̀dá kò lè rí ẹran kó fojú fò ó.

“Bá mi sọ fún alásè kó se tiwọn lọ́tọ̀,” ni wọ́n wí. “Kó má fi bíà kàn án rárá. Ìwọ nìkan ni mo ní níbẹ̀, Àtàndá.”

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Mo sì ṣe é. Ẹ má sọ pé n kò ṣe ohun rere kankan nínú ìtàn yìí. Màámá Nomsa, alásè wa, kọ́kọ́ ṣe “eish”, ó ní ẹran tí kò bá rí bíà á máa sunkún nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn mi. Ó gbé ìkòkò kékeré kan kaná, ó fi omi eegun sí i, àlùbọ́sà tó sun títí ó fi pọ́n, fínígà díẹ̀, ṣúgà díẹ̀. Mo dúró tì í. Mo tọ́ ọ wò.

Kò sí ẹ̀kán bíà kan nínú ìkòkò yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí lẹ́yìn èmi àti Màámá Nomsa, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Wọ́n dé ní ọ̀sán. Alàgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn ìgò tó tò sára ògiri bí ẹni tó rí ejò nínú ilé àna rẹ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá bóyá ilé oúnjẹ ni wọ́n pe ibí yìí.

“Alàgbà, Jésù bá àwọn agbowó òde jẹun,” ni Bọ̀dá dáhùn. “Kò sì torí ẹ̀ gba owó òde kan.”

Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ibi tábìlì iwájú pèpéle ni wọ́n jókòó sí. Dókítà ti ní kí Alàgbà má jẹ ẹran pupa, nítorí náà ẹja ni wọ́n gbà, Àǹtí sì bá wọn jẹ ẹja. Bọ̀dá nìkan ló jẹ ọbẹ̀ inú ìkòkò kékeré.

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́. Wọ́n dijú. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Àǹtí ti wà nílé àwọn, kò se irú rẹ̀ rí. Wọ́n béèrè òmíràn. Wọ́n fi búrẹ́dì nu àwo náà títí ó fi dán bí èyí tí mo fọ̀. Àǹtí wò mí lókèèrè, wọ́n mi orí díẹ̀ láti dúpẹ́.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn yìí parí sí. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá fi ìka pè mí.

Mo jáde pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù tó rin gbindin, mo dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà. Bọ̀dá ní èmi ni ọmọ tí àwọn ní kí ìjọ máa gbàdúrà fún. Wọ́n ní wọ́n rán mi nílé ìwé, mo kọ̀ ọ́, wàyí o, itọ́ àwọn ọ̀mùtí ni mò ń fọ̀ jẹun. Àwọn tábìlì kejì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn náà rí bí wọ́n ṣe ń na ìka sí mi.

“Ẹ bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀,” ni Bọ̀dá wí. “Ó máa ń kà á fún wa nílé.”

Àǹtí fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Alàgbà ti dojú kọ mí. Wọ́n ní kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá lónìí.

“N kò tíì dá a, sà,” ni mo dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń kọ irú ìtàn báyìí máa ń sọ pé ó dun àwọn, pé ojú ti àwọn, pé èṣù ló wọ inú àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo padà síbi omi ọṣẹ, ara mi yá gágá bí ọmọ tó rí ẹyẹ lórí ẹ̀ka tó sún mọ́lẹ̀, tí òkúta sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo Bọ̀dá láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Inú wọn mọ́. Ọ̀fun wọn mọ́. Mo rò ó pé ta ló lè mọ̀.

Sbu ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́kùn ètò láàárín orin kan sí òmíràn. Àwa òṣìṣẹ́ la máa ń lọ sọ fún un pé tábìlì báyìí ń ṣe ọjọ́ ìbí, tábìlì báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, òun á sì kí wọn látorí pèpéle. Mo lọ bá a. Mo ní ènìyàn Ọlọ́run kan wà níwájú, tí bíà kò kan ẹnu rẹ̀ rí, àmọ́ ó ti jẹ àwo ọbẹ̀ bíà méjì lónìí, ọ̀la ni wọn ó sì fi í joyè. Sbu bi mí bóyá inú ọkùnrin náà á dùn sí i tí òun bá sọ ọ́.

“Shap,” ni mo fi dá a lóhùn, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ pé kò séwu.

Orin dáwọ́ dúró. Sbu mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kó o lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀yàyà, láìní èrò ibi kankan. Ó ní kí gbogbo ilé gbé ife sókè fún díákónì tuntun. Gbogbo ilé gbé e sókè. Èmi ni mo fọ ife wọ̀nyẹn.

Bọ̀dá ti gbé ọwọ́ láti juwọ́ sí àwọn ènìyàn kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé sí wọn lára. Ọwọ́ náà dúró lókè. Wọ́n wo àwo tó mọ́ tónítóní níwájú wọn, wọ́n sì pè mí.

“Àtàndá. Kí ni wọ́n fi se ẹran yìí?”

Àǹtí ń wò mí. Ẹ̀rín díẹ̀ wà lójú wọn, torí wọ́n mọ ìdáhùn. Wọ́n ń dúró kí n mú un wá.

“Bíà ni, sà.”

“Bíà.”

“Bíà dúdú, sà. Òun gan-an ni omi ọbẹ̀ náà.”

Ẹ̀rín yẹn kò tètè kúrò lójú Àǹtí. Ó ṣì jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, bí àlejò tí kò mọ̀ pé onílé ti kó lọ. Kí ni wọn ì bá sọ? Bí wọ́n bá la ẹnu, Alàgbà á gbọ́ pé wọ́n mọ̀ pé bíà wà ní ibẹ̀ kí wọ́n tó mú àwọn wá.

Èyí tó kù, n kò bá wọn dá sí i. Bọ̀dá ló ṣe é fúnra wọn.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé tábìlì. Òógùn yọ níwájú orí wọn. Alàgbà fara sún mọ́ wọn, wọ́n bi wọ́n bóyá ọtí náà ti ń pa wọ́n. Ẹlòmíràn á ní rárá. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kí n sọ nípa Bọ̀dá Abíọ́nà, wọn kì í purọ́. Wọ́n dijú, wọ́n yẹ ara wọn wò wínníwínní bí ẹni tó ń wá owó nínú àpò tó lu.

“Òòyì ń kọ́ mi, Alàgbà,” ni wọ́n wí. “Ẹsẹ̀ mi kò dúró.”

Omi eegun! Mo ti épírọ́ọ̀nù bọ ẹnu.

Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, wọ́n sì gbá àga ṣubú. Èmi ni mo fi èjìká gbé wọn dé ìdí mọ́tò, wọ́n sì wúwo lé mi lórí bí ọ̀mùtí gidi. Alàgbà ti rìn síwájú, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Bọ̀dá kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún Àǹtí. Wọ́n ní òfin kò gba ẹni tó mutí láyè láti wakọ̀.

Nígbà tí mo délé, Àǹtí ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì yẹn náà. Wọ́n bi mí bóyá mo sọ fún alásè.

“Sọ kí ni, Àǹtí?”

“Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ láàárọ̀.”

“Ẹ ní ẹ máa pe ilé iṣẹ́ wa, kẹ́ ẹ bá alásè sọ ọ́ fúnra yín,” ni mo wí. “Ẹ ní ẹ ò fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ yìí lé ọmọdé lọ́wọ́.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo rí wọn bí wọ́n ṣe wọ inú orí ara wọn lọ láti wá ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ. Mo sì rí wọn bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn jù lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ó dùn mí, pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Wọ́n wá wọ yàrá tọ ọkọ wọn lọ láti jẹ́wọ́. Mo fi etí lé ògiri. Bọ̀dá kò pariwo.

Ọjọ́ Àìkú kò pẹ́ dé. Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì pèpéle, wọ́n sì tú ohùn rẹ̀ síta kí bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè gbọ́. Àwa náà ń gbọ́ bàbá, bó ṣe ń mí, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Alàgbà ti bẹ Bọ̀dá pé kí wọ́n má wulẹ̀ jáde. Bọ̀dá kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní sá fún ìbéèrè Ọlọ́run.

Alàgbà bi wọ́n bóyá ọtí ti kan ọ̀fun wọn.

“Ó ti kàn án,” ni Bọ̀dá wí.

Ohùn bàbá jáde látinú fóònù, ó ń béèrè ohun tí ọmọ òun sọ, pé òun kò gbọ́ dáadáa. Bọ̀dá tẹ̀ síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù náà.

“Bàbá, mo ní ó ti kàn án.”

A gbọ́ tí bàbá mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ìlà já.

Bọ̀dá rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí èmi máa ń jókòó sí. Àǹtí dìde láàárín àwọn obìnrin, wọ́n sì lọ jókòó tì wọ́n. Mo sún kí àyè lè gbà wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀dá kì í ti í jẹun láì kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Àǹtí á dúró, wọ́n á kà á: ata, tòmátì, àlùbọ́sà, epo, iyọ̀, omi. Bọ̀dá á ní kí wọ́n tún un kà.

Ó tó àkókò kí n dé ibi ẹ̀kọ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Oorun kò kùn mí. Nígbà tó ṣe, mo bọ́ síwájú ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì jẹ́wọ́ pé omi eegun lásán ni. Bọ̀dá gbé mi dìde, wọ́n fi mí mọ́ àyà. Àǹtí sunkún ayọ̀. Wọ́n tún gbé fóònù sórí tábìlì, bàbá sì gbọ́ bí wọ́n ṣe fi ọmọ rẹ̀ joyè, ó ṣe àmín kó tó lọ sinmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀fẹ̀ tó bá ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ó dára. Ibi tí mo ní màá tọ́ka sí nìyẹn. Láti “ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́” títí dé “kì í ṣe ẹ̀fẹ̀”, orí mi ni mo ti fà á yọ.

Oorun ń kùn mí dáadáa. Wọ́n ti sin bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ rẹ̀ sì ni èyí tí ẹ̀yin náà gbọ́. Bọ̀dá ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Bọ̀dá kì í ní kí n dìde ka ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Wọ́n ní nínú gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo wo ojú àwọn tí mo sọ òótọ́. Wàyí o, bí Àǹtí bá ti ka ohun tó wà nínú ọbẹ̀ tán, Bọ̀dá á yí àwo náà sí ọ̀dọ̀ mi pé kí n tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni wọ́n fi ń jẹun.

Mo tọ́ ọ wò lánàá. Ọbẹ̀ náà dùn. Àwọn méjèèjì ń wo ẹnu mi, Àǹtí sì di ìdérí ìkòkò mú.

Mo gbé e mì, mo sì dákẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.